Ọ̀rọ̀ Ọtí tí Wọ́n Fẹ́ Dà Sínú Ọkọ̀

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú,

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù dópin, tí lítà kan tí kò tó 200 náírà sì di nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kò kúrò lẹ́nu àwọn ọlọ́gbọ́n wa kan: kí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe ọtí, kí a fi ọtí wa ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Bràsíl ti ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ èmi pàápàá. Ní ayé ìjọba Òyìnbó, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń sọ àwọn baba wa tí ń se ògógóró sí. Iṣẹ́ náà ni a wá sọ di ọgbọ́n ìgbàlódé lónìí! Ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi Bràsíl ṣe àpẹẹrẹ kì í sọ ìtàn náà dé ìdí.

Ìrèké ni Bràsíl lò. Ní ọdún 1975, lẹ́yìn tí epo rọ̀bì ti gbówó lórí, ni ìjọba wọn dá ètò Proálcool sílẹ̀. Ní 1979 ọkọ̀ Fiat 147 tí ń mu ọtí nìkan jáde. Ṣúgà ti wà nínú ìrèké tẹ́lẹ̀, háhá rẹ̀ tí a fún tán ni wọ́n sì fi ń dáná se ọtí náà. Ẹ̀gẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. A ó kọ́kọ́ sè é, a ó sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di ṣúgà, kí ó tó lè di ọtí. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ìkòkò ògógóró rí mọ iye igi tí ń bẹ nídìí rẹ̀.

Àní pẹ̀lú ìrèké, ojú wọn rí màbo. Ní 1989, ṣúgà gbówó lórí ní ọjà ayé, àwọn olóko yí sí ṣúgà, ọtí wọ́n, àwọn tí ó ra ọkọ̀ ọlọ́tí sì tò gbọọrọ ní ilé epo. Ìdí nìyí tí wọ́n fi tẹ́wọ́ gba ọkọ̀ tí ń mu méjèèjì, nígbà tí ó jáde ní 2003. Bí ṣúgà bá wọ́n, ènìyàn lè mu kọfí rẹ̀ ní kíkorò. Gaàrí ńkọ́? Ọjọ́ tí àgbẹ̀ bá rí i pé ọkọ̀ ń sanwó ju ẹnu lọ, ta ni yóò dá a lẹ́bi?

Wọn kò sì sọ fún ọlọ́kọ̀ pé ibi tí bẹntiróòlù bá gbé e dé ní 30 máìlì, ìwọ̀n ọtí kan náà yóò kú sí nǹkan bí 20. Pé ọtí ń fa omi mọ́ra, tí ó sì ń ba rọ́bà inú ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́, irú èyí tí ó pọ̀ lójú títì wa. Ní 2007 ìjọba àpapọ̀ ṣe ìlànà pé kí a lú ọtí mọ́ bẹntiróòlù, ìdá 10 nínú 100. Ẹ bi àwọn tí ń ta epo nítòsí yín bí wọ́n bá ti rí i.

Ẹ̀yin tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé wá pé òun fẹ́ ẹgbẹ̀rún éékà fún ẹ̀gẹ́ ọkọ̀, ẹ bi í, kí ẹ tó tẹ̀ka, iná tí yóò fi sè é, àti ẹni tí yóò rà á bí epo rọ̀bì bá tún já wálẹ̀. Bí ó bá ní ìrèké etí odò ni òun fẹ́ gbìn, èmi náà yóò bá yín jókòó gbọ́ ọ.