Orin Àtijọ́ àti Orin Tuntun Nínú Àwo

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Bí ènìyàn bá wo ọjà àwo orin ilẹ̀ Òyìnbó, yóò rí i pé àgbà pọ̀ níbẹ̀ jọjọ, síbẹ̀ orí ọmọ tuntun wọ́. Orin Mozart àti ti Beethoven ni àwọn ẹgbẹ́ olórin ń gbà sínú àwo léraléra, ṣùgbọ́n orin ẹni tí ó wà láàyè a máa wá àyè tì. Èyí kò yẹ bẹ́ẹ̀.

Oríṣi orin kan wà tí wọ́n ń pè ní kọnṣẹ́tò. Ó jọ lílé àti ègbè: ohun èlò kan ni ó ń lé e, ẹgbẹ́ olórin ńlá sì ń gbè é. Vivaldi, ará Ítálì, ṣe mẹ́rin nípa ìgbà mẹ́rin inú ọdún, a sì tẹ̀ wọ́n jáde ní Amsterdam ní ọdún 1725. Lẹ́yìn tí ó kú ní ọdún 1741, òkìkí rẹ̀ wọmi. Ní ọdún 1947, Louis Kaufman, ará Amẹ́ríkà, fi fayolíìnì rẹ̀ gba àwọn orin wọ̀nyí sínú àwo. Ní ọdún 1948 ni àwo gígùn dé, èyí tí ojú rẹ̀ kan ń gba orin tí ó ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Lónìí, ta ni ó fẹ́ràn irú orin bẹ́ẹ̀ tí kò mọ Vivaldi? Àwo ni ó gbé e dìde.

Bí àwo bá lè jí òkú, mélòó-mélòó ni kì yóò fi ran alààyè lọ́wọ́! Ní ọdún 1932, Elgar, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, darí ẹgbẹ́ olórin fúnra rẹ̀ nígbà tí Menuhin, ọmọ ọdún 16, ń ta kọnṣẹ́tò fayolíìnì rẹ̀ sínú àwo. Elgar kú ní ọdún 1934. Ká ní wọ́n fi í falẹ̀ ni, ta ni ìbá sọ bí ẹni tí ó ni orin ṣe fẹ́ ẹ?

Àwọn ará Dẹ́ńmáàkì mọ èyí. Orílẹ̀-èdè wọn kéré; ènìyàn inú rẹ̀ tó bíi mílíọ̀nù 6. Níbẹ̀ ni wọ́n bí Carl Nielsen ní ọdún 1865, ọmọ akunlé tálákà kan tí í máa ta fayolíìnì lóde àríyá. Ó fi kọnṣẹ́tò fèrè ti ọdún 1926 sílẹ̀ fún wọn. Ní ọdún 1989 wọ́n dá ilé iṣẹ́ Dacapo sílẹ̀ láti máa gba orin ilẹ̀ wọn, ti òkú àti ti alààyè. Per Nørgård, tí ó kú ní ọdún 2025, rí i kí símfónì rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wọ inú àwo lójú ayé rẹ̀. Hans Abrahamsen àti Bent Sørensen sì gba ẹ̀bùn Grawemeyer ti Amẹ́ríkà ní ọdún 2016 àti 2018.

Àwọn kan ń wí pé orin tuntun kò dùn létí. Òótọ́ ni pé ó le fún etí tí kò tí ì mọ̀ ọ́n; ṣùgbọ́n àǹfààní àwo náà nìyẹn: ènìyàn lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títí yóò fi mọ ọ̀nà rẹ̀. Àwọn mìíràn ní kò mówó wọlé. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ọwọ́ rọ́ tì, nítorí oníṣòwò kì í tà á kí ó pàdánù títí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi kọnṣẹ́tò àtijọ́ kan àti tuntun kan sínú àwo kan náà. Ẹni tí ó ra ti àtijọ́ yóò gbọ́ tuntun pẹ̀lú.

Báyìí ni àgbà ṣe lè gbé ọmọ tuntun pọ̀n, tí orí rẹ̀ kò sì ní wọ́ mọ́.