Lọ́ọ̀gì Tí A Kò Bá Kà Lásìkò Dà Bí Èyí Tí A Kò Kọ

Gbogbo ẹni tó ti gbé inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ rí ló mọ ìwé ńlá tó máa ń wà lórí tábìlì pọ́tà lẹ́nu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì. Àlejò á kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, á kọ nọ́ńbà yàrá tó ń lọ àti aago tó wọlé. Bí ìwé náà bá kún, wọn á sọ ọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọn á ṣí òmíràn. Ó di ọjọ́ tí wọ́n bá jí láptọ́ọ̀pù ẹnì kan kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé ìwé wà. Bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bójú tó wẹ́bùsáìtì ṣe ń ṣe lọ́ọ̀gì wọn nìyẹn, àwa ò sì fara mọ́ ọn.

Kí ni lọ́ọ̀gì? Sáfà ni kọ̀ǹpútà tó ń gbé ojú-ewé fún ẹni tó bá béèrè. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe àwòrán kan péré, á kọ ìlà kan sílẹ̀: àdírẹ́ẹ̀sì IP ẹni náà, ọjọ́ àti aago, ohun tó béèrè, nọ́ńbà tó sọ ibi tọ́rọ̀ já sí, àti bí ohun tó gbé fún un ṣe tóbi tó. 200 túmọ̀ sí pé ó rí i gbà. 404, kò sí níbẹ̀. 403, a ò gbà á láyè. 500, sáfà fúnra rẹ̀ ló kọsẹ̀. Bí ẹ bá ń lo Apache lórí Ubuntu, inú /var/log/apache2 lẹ máa bá a, access.log ni orúkọ rẹ̀, error.log tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń kó ẹjọ́ àṣìṣe jọ.

Àwọn kan á sọ pé kí ni ti ìkánjú, ṣebí ó ti wà nílẹ̀, ìgbà tí wàhálà bá dé la ó kà á. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní wà nílẹ̀ títí. Lórí Debian àti Ubuntu, ètò kan tó ń jẹ́ logrotate ló ń bójú tó àwọn fáìlì wọ̀nyí. Bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà, ojoojúmọ́ ló ń pa fáìlì Apache ti àná dé, tó ń ṣí tuntun, tó sì ń fún àwọn ti àtijọ́ pọ̀ kí wọ́n má gba àyè. 14 ló ń tọ́jú. Èyí tó bá lé, ó ń jù ú nù. Ẹni tó bá ní òun máa yẹ lọ́ọ̀gì wò lẹ́yìn ìdánwò, ẹ bá wa bi í léèrè ọ̀sẹ̀ mélòó ni ìdánwò tiwa máa ń gbà.

Àwọn mìíràn á wá pa logrotate, wọ́n ní àwọn fẹ́ tọ́jú gbogbo rẹ̀. Fáìlì á wú títí díìsìkì á fi kún, dátábéèsì ò ní ríbi kọ nǹkan sí mọ́, wẹ́bùsáìtì á dákú. Wọn á sáré pa fáìlì náà rẹ́, àyè ò sì ní ṣí, torí pé Apache ṣì dì í mú lábẹ́lẹ̀ títí wọ́n á fi ní kó tún àwọn fáìlì rẹ̀ ṣí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Equifax ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2017 yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn èèyàn ni. Oṣù Kẹta ni wọ́n ti kéde ihò tó wà nínú Apache Struts, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi kọ́ ọ̀kan nínú àwọn wẹ́bùsáìtì iléeṣẹ́ náà, àtúnṣe rẹ̀ sì ti wà. Wọn ò dí ihò náà. Àárín oṣù Karùn-ún làwọn olè gba ibẹ̀ wọlé, ìparí oṣù Keje ni wọ́n tó fura sí wọn. Ọjọ́ 76! Kì í ṣe pé wọn ò ní ọlọ́dẹ. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó yẹ kó máa yẹ ohun tó ń wọlé tó ń jáde wò, àmọ́ ìwé ẹ̀rí orí kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rọ náà fi ń ríran ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ oṣù sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi tuntun sí i ni wọ́n rí i pé nǹkan ń lọ. Àkọsílẹ̀ èèyàn bíi mílíọ̀nù 147 ló ti bọ́ sọ́wọ́ olè. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Èyí tó bá dì ńkọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ló ń dùn wá jù. Ká sọ pé ìwé atúmọ̀ èdè kan wà lórí ayélujára, tí ẹnì kan sì ń wá "ọ̀rọ̀" níbẹ̀. Nínú lọ́ọ̀gì, ohun tí ẹ máa rí ni %E1%BB%8D%CC%80r%E1%BB%8D%CC%80. Ẹ má sá. %E1%BB%8D ni ọ, %CC%80 ni àmì ohùn ìsàlẹ̀. Àmọ́ kíbọ́ọ̀dù wa ò ṣọ̀kan. Òmíràn máa kọ ò pẹ̀lú ohùn rẹ̀ ná, kó tó wá fi àmì sí i nísàlẹ̀, ìyẹn á sì di %C3%B2%CC%A3r%C3%B2%CC%A3. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú sáfà, wọ́n jìnnà síra bí ọkọ́ àti ọ̀kọ̀. Bí ẹni tó kọ́ wẹ́bùsáìtì náà ò bá ṣètò láti sọ méjèèjì di ọ̀kan, 404 ni ẹni kejì máa bá pàdé.

Kò sì ní pariwo. Á rò pé ọ̀rọ̀ náà ò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè, tàbí pé òun lòun ò mọ̀ ọ́n kọ, á gba Google lọ, á sì kọ ọ́ láìsí àmì kankan. Ìlà kan ṣoṣo nínú lọ́ọ̀gì ni ẹ̀rí pé ó wá rárá. Bí a bá rí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ò pọ̀: kí ètò náà máa yí ohunkóhun tí wọ́n bá tẹ̀ sí ìlànà Unicode tó ń jẹ́ NFC kó tó wá a. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, logrotate ti gbá a dànù, a ò sì ní mọ̀ láéláé pé a lé ẹnì kan.

Ẹni tó sábà ń ka lọ́ọ̀gì lè má gbọ́ Yorùbá. Bó bá rí %CC%A3 tó tò lọ rẹrẹ, ó lè rò pé olè ni, kó sì dínà mọ́ àdírẹ́ẹ̀sì náà. A ò dá a lẹ́bi, torí olè ń wá lóòótọ́. Ojoojúmọ́ lẹ máa rí rọ́bọ́ọ̀tì tó ń wá wp-login.php lórí wẹ́bùsáìtì tí kò ní WordPress rárá. Àmọ́ ẹni tó mọ àmì ohùn ló lè tètè ya ìyẹn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń wá ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀kọ àti ẹ̀kọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láràárọ̀ tó. Ka iye 404 àti 500 ti àná, wo èyí tó yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. GoAccess, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, á bá ẹ ṣírò rẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé aago ọ̀pọ̀ sáfà wà lórí UTC, tó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa ní Nàìjíríà. Aago mẹ́jọ inú lọ́ọ̀gì, mẹ́sàn-án wa ni. Ti 500 ò gbọdọ̀ dúró dàárọ̀. Bí wọ́n bá ti ń tẹ̀ léra, kí fóònù ẹnì kan dún. Ẹnì kan ni a wí o. Ìsọfúnni tó bá ń lọ sọ́dọ̀ gbogbo ẹgbẹ́, oníkálukú á rò pé ẹlòmíràn ti rí i.

Òfin náà tún wà níbẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ohun tó ń tọ́ka sí èèyàn lórí ayélujára mọ́ dátà ara ẹni, kò sì fẹ́ ká tọ́jú irú rẹ̀ kọjá ìgbà tó wúlò. Àdírẹ́ẹ̀sì IP ò sì kúrò nínú irú rẹ̀. Ẹni tó ń kà lásìkò lè jù nù lásìkò, kó tọ́jú àpapọ̀ iye nìkan. Ẹni tí kì í kà ló ń kó dátà àwọn olóhun pa mọ́ nítorí ọjọ́ tó lè má dé.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ sì ń bójú tó sáfà níbi tí iṣẹ́ Yorùbá wà, àti ẹ̀yin ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ ní ìwé atúmọ̀ èdè tàbí ibi àkójọ lórí ayélujára, ẹ yan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kan tì í. Lórí Ubuntu, bí ẹ bá fi orúkọ rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ adm, á lè ka lọ́ọ̀gì, kò sì ní lè fọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀.