Kí A Tó Wọlé, Ẹ Jẹ́ Kí A Wo Ọ̀nà Àbájáde



Ìpàdé tó kọjá fẹnu kò pé ẹgbẹ́ yóò ní áàpù tí a ó fi máa san owó ẹgbẹ́, tí a ó sì fi máa tọ́jú orúkọ wa. Ohun tó kù ni ilé iṣẹ́ tí yóò máa bá wa pa àkọsílẹ̀ náà mọ́. Àwọn kan ní Firebase, àwọn kan ní Supabase, ariwo sì ta.

Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ ilé yíyá ni. Ilé tó rọrùn láti wọ̀ lè ṣòro láti kó kúrò níbẹ̀.

Firebase, tí Google rà ní 2014, rọrùn láti wọ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa sáfà lè fi gbé áàpù kalẹ̀. Ṣùgbọ́n Firestore, ibi tí ó ń kó àkọsílẹ̀ sí, ní ìlànà tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó kúrò yóò tún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ṣe. Supabase, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020, orí PostgreSQL ló dúró lé, èyí tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́ níbikíbi. A lè palẹ̀ ẹrù wa mọ́ kí a gbé e lọ síbòmíràn. Àléébù rẹ̀ nìyí: bí a kò bá sanwó, tí ẹnikẹ́ni kò sì lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n lè dá a dúró. Ẹ rántí ìsinmi Kérésìmesì!

Ẹ má sọ pé ilé iṣẹ́ ńlá kì í tilẹ̀kùn. Facebook ra Parse ní 2013. Ní oṣù kìíní 2016, wọ́n kéde pé àwọn yóò tì í. Nígbà tí oṣù kìíní 2017 fi parí, ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n fún àwọn ayálégbé ní ọdún kan, wọ́n sì fi Parse Server sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá lè dá a lò. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n arọ tí kò ní ẹni tí yóò gbé e ńkọ́?

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà wá. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ níhìn-ín. Ẹni tó bá kọ áàpù yìí yóò gboyè, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ta ni yóò kó ẹrù nígbà náà? Àbí a ti gbàgbé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fóònù akọ̀wé àná lọ?

Nítorí náà, Supabase ni a fara mọ́, pẹ̀lú àdéhùn méjì: kí akápò máa gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ sọ́wọ́ lóṣooṣù, kí ó kéré tán ẹni méjì sì mọ bí a ṣe ń kó o. Bí ẹ bá rò ó sí ọ̀nà mìíràn, ẹ wá sọ ọ́ ní ìpàdé. Ẹ má jókòó sílé kí ẹ máa kùn.