Adìyẹ kọ́ ló ń ṣàìsàn, oúnjẹ rẹ̀ ni

Bí oníbàárà bá fọ́ ẹyin n'Ílọrin, tó rí i pé pupa rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé adìyẹ ọ̀hún ń ṣàìsàn. Irọ́ ni. Adìyẹ ẹ̀yìnkùlé tó ń jẹ ọkà bàbà, àgbàdo funfun àti èèpo ẹ̀gẹ́ kò rí aró tí yóò fi pa ẹyin rẹ̀. Inú àgbàdo pupa, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti koríko tútù ni aró náà wà. Kí wọ́n fi ẹ̀fọ́ kún un. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìyàtọ̀ á ti hàn.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọlọ́jà máa tan èèyàn pé ẹyin pupa ló ń ṣara lóore jù. Èròjà amáradàgbà inú méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Kó sọ ohun tí adìyẹ rẹ̀ jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ràn àwọ̀ náà á sanwó rẹ̀.