Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Ṣokoléètì Lẹ́nu Ajá

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ìbàdàn, ẹni tí a kì yóò dárúkọ rẹ̀. Ó ní àbúrò ọkọ òun ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ó sì kó ṣokoléètì wá fún àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ bù nínú rẹ̀ fún abo ajá ilé wọn, èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ajá náà ti bì nígbà mẹ́ta, kò sì lè dúró sójú kan. Ìyá yìí pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún ajá ní ṣokoléètì mọ́. Bàbá ilé ní àṣejù ni: ajá tí ń fọ́ egungun jẹ, kí ni ohun dídùn lásán yóò fi í ṣe? Ó ní òun tilẹ̀ ti rí ajá tí ó jẹ ẹ́ tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Wọ́n wá bẹ̀ wá kí a dá ẹjọ́ náà fún wọn.

Ìyá ni ó jàre, ṣùgbọ́n bàbá náà kò purọ́.

Kòkó tí a ń gbìn ní Oǹdó, ní Ìdànrè àti ní Iléṣà, òun kan náà ni a fi ń ṣe ṣokoléètì. Nínú hóró kòkó ni ohun kan wà tí a ń pè ní tíóbúrómíìnì, èyí tí àwọn onímọ̀ ti rí yọ sọ́tọ̀ láti ọdún 1841. Ìbátan tímọ́tímọ́ ni ó jẹ́ fún kaféènì tí ó wà nínú kọfí àti nínú obì. Ẹni tí ó bá ti jẹ obì lálẹ́ rí, tí ojú rẹ̀ sì là kalẹ̀ títí di òwúrọ̀, mọ irú ohun tí à ń wí. Ara ènìyàn a máa tètè tú tíóbúrómíìnì ká. Ní nǹkan bí wákàtí 7, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Ara ajá kò rí bẹ́ẹ̀. Wákàtí 17 àti ààbọ̀ ni ó ń gbà á kí ìdajì tó kúrò, nítorí náà ohun tí ọmọ jẹ tí ó sì gbàgbé ṣì ń lu ọkàn ajá kìkì ní ọjọ́ kejì. Fífọ́ egungun, iṣẹ́ eyín ni. Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ni èyí.

Bàbá ilé yóò fẹ́ rí ìṣirò, àwa tí a sì ti pẹ́ nídìí ìwé owó kò kórìíra rẹ̀. Bí tíóbúrómíìnì tí ajá jẹ bá tó mílígíráàmù 20 fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ajá náà wọ̀n, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru lè bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá tó 40 sí 50, ọkàn yóò máa sáré, lílù rẹ̀ kò sì ní gún mọ́. Bí ó bá tó 60, gìrì lè gbé e. Bí ó bá ti wọ 100 sókè, ikú súnmọ́ tòsí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ ti pa àwọn mìíràn. Wàyí o, ṣokoléètì oní-mílíìkì ní nǹkan bí mílígíráàmù 2 nínú gíráàmù kan. Dúdú tí ó korò díẹ̀ ní nǹkan bí 5. Kòkó lílọ̀ tí kò ní ṣúgà, èyí tí àwọn ìyá fi ń ṣe àkàrà òyìnbó, lè ní 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti funfun kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní rárá, bí ọ̀rá inú rẹ̀ tilẹ̀ lè da inú ajá rú.

Ẹ wá mú ajá tí ó wọn kìlógíráàmù 12. Bí ó bá jẹ gíráàmù 100 ti oní-mílíìkì, ohun tí ó kàn án kò pé 17. Ó lè bì, ó sì lè má ṣe é ní nǹkan kan. Irú èyí ni bàbá rí. Bí ó bá jẹ́ dúdú, ó ti kọjá 40. Bí ó bá jẹ́ kòkó lílọ̀, ó ti kọjá 160. Bí a bá sì fi gíráàmù 100 oní-mílíìkì kan náà fún ọmọ ajá oníkìlógíráàmù 3, gìrì ni.

Ó nira fún mi láti kọ èyí tí ó kàn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a ní ajá kan tí à ń pè ní Tanímọ̀la. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kérésìmesì ni a bá a tí ó ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, ọkàn rẹ̀ sì ń lù tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí i lábẹ́ egungun ìhà rẹ̀. Ó kú kí àkùkọ tó kọ. Kíákíá ni a ti mọ ẹni tí ó pa á, tàbí a rò pé a mọ̀ ọ́n: aládùúgbò wa kan tí ó ti fi ẹjọ́ gbígbó rẹ̀ sùn lẹ́ẹ̀mejì. Májèlé ni, kò sí ohun mìíràn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tí èmi kò fi kí ọkùnrin náà, tí mo sì ń bá a kọjá lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí Kérésìmesì mìíràn dé, tí ìyá wọn tún gbé agolo kòkó sílẹ̀ láti ṣe àkàrà, ni ọmọ wa kan bú sẹ́kún. Agolo èṣí ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ajá lá a tán, òun sì fọ ilẹ̀ nítorí ẹ̀rù pàṣán. Mo bi dókítà ẹran, ó sì ṣe ìṣirò tí mo ṣe fún yín yìí. Ní ọjọ́ Sátidé, mo lọ sí ilé aládùúgbò náà. Ó gbọ́ mi tán, ó ní òun ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni a rò, ó sì gbé àga fún mi.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni àsìkò ọdún ti ń mú irú èyí wá. Ní 2017, àwọn olùwádìí Yunifásítì Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé nígbà Kérésìmesì, gbígbé ajá wá sọ́dọ̀ dókítà nítorí ṣokoléètì ń di ìlọ́po mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà Àjíǹde, ó ń di bí ìlọ́po méjì.

Bí ajá bá ti jẹ ẹ́, ẹ má ṣe dúró de àmì, nítorí pé ó lè tó wákàtí 6 sí 12 kí ó tó hàn. Ẹ mú ìwé tí a fi dì í tàbí agolo rẹ̀ dání, ẹ gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Yóò mú kí ó bì, ó sì lè fún un ní èédú ìṣègùn. Kò sí ẹ̀rọ̀ kan pàtó fún májèlé yìí. Títọ́jú ajá títí yóò fi kúrò lára rẹ̀ ni, èyí sì lè gba ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ó máa mu omi, kí ẹ sì máa mú un jáde láti tọ̀, nítorí pé tíóbúrómíìnì inú ìtọ̀ lè tún padà gba inú àpòòtọ̀ wọ ara. Epo pupa tí àwa ń sáré dà sí i lẹ́nu, ẹ fi sílẹ̀. Ajá tí gìrì mú kò lè gbé e mì dáradára, inú ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà. Iyọ̀ pẹ̀lú kò dára. Òun fúnra rẹ̀ a máa pa ajá.

Ní ti ìbéèrè ìkẹyìn tí ìyá wa béèrè nípa àwọn ọmọ ajá: bẹ́ẹ̀ ni, ó ń gba inú ọmú. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ yọ wọ́n kúrò lọ́mú ìyá wọn ná, kí ẹ sì gbé wọn dání nígbà tí ẹ bá ń gbé e lọ, kí dókítà sọ ohun tí wọn yóò máa mu àti ọjọ́ tí wọn yóò padà.