Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí ó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ẹgbẹ́ wa jáde ilé-ìwé, a dáwó jọ, a ra kọ̀ǹpútà mẹ́wàá, a sì gbé wọn lọ fún ilé-ìwé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tí a kì yóò dárúkọ, nítorí ó lè jẹ́ èyí tí ẹ ń rò. Àlùfáà gbàdúrà, a ya fọ́tò, a jẹ ìkọ́kọrẹ́, a sì padà sí Èkó. Ní ọdún kejì a tún yà níbẹ̀. Títì ni a bá yàrá náà. Olùkọ́ tí ó ń bójú tó o fi ìtìjú sọ fún wa pé ẹ̀rù ń ba òun kí àwọn ọmọ má baà ba àwọn ẹ̀rọ náà jẹ́, nítorí náà ojú pátákó ni òun ti ń ya àwòrán kọ̀ǹpútà fún wọn, tí wọ́n sì ń dà á kọ sínú ìwé. Inú ń bí wa títí a fi dé Ṣágámù. Láti Ṣágámù dé Èkó ni a wá rò ó wò pé àwa gan-an ni a jẹ̀bi. A fún wọn ní ẹ̀rọ, a kò fún wọn ní ẹnìkan tí yóò jókòó tì wọ́n, a kò sì fún wọn ní ìbéèrè kan tí wọn yóò fi ẹ̀rọ náà dáhùn.

A sọ èyí nítorí pé ní àkókò àjọ̀dún yìí, àwọn kan nínú wa tún ti ń dábàá pé kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ra kọ̀ǹpútà fún ilé-ìwé wa. A kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ohun tí àwọn ọmọ yóò fi wọ́n ṣe, àti àwọn tí wọn yóò bá kẹ́gbẹ́ nídìí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kò ju kí ọmọ mọ lẹ́tà tẹ̀ lọ. Àwọn tí ojú wọn là díẹ̀ síi mọ̀ pé a lè fi kọ́ ilé-ìtajà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ka kẹta wà tí a kì í sábà dárúkọ: kíkọ ètò kọ̀ǹpútà láti fi ṣe ìwádìí sáyẹ́ǹsì. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti ìlẹ̀kùn ilé wa. Erédò Sùngbọ́, odi àti yàrà tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ó sì ga tó 20 mítà ní àwọn ibì kan láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. Ọmọ kíláàsì kẹrin lè mú fóònù òbí rẹ̀ rin apá kan nínú rẹ̀ ní Òkè-Ẹ̀rì, kí fóònù náà máa sọ ibi tí ó dé lórí ilẹ̀ ayé ní ìṣísẹ̀ mélòó kan síra. Bí ó bá padà délé, yóò kọ ètò tí kò ju ìlà ogún lọ, tí yóò ṣírò jíjìn ibì kan sí èkejì tí yóò sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà yóò fi ìbú àti gíga kún un, yóò sì mọ iye yẹ̀pẹ̀ tí a gbẹ́. Bí ẹnìkan bá lè kó yẹ̀pẹ̀ báyìí lóòjọ́, ènìyàn mélòó ni yóò ṣe é tán ní ọdún mẹ́wàá? Ní ogún ọdún ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ìṣirò tí bírò àti ìwé yóò fi odidi ọ̀sẹ̀ ṣe, ètò náà yóò tún un ṣe kí a tó ṣẹ́jú, ọmọ náà yóò sì tún bi í ní òmíràn. Ọmọ tí ó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan kò ní béèrè mọ́ ohun tí ìṣirò wà fún. Ìyá tí ń yan gaàrì pẹ̀lú lè fún ọmọ rẹ̀ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: kí ó máa wọn ẹ̀gẹ́ rírin lábẹ́ òkúta lójoojúmọ́, kí ó sì ya bí omi rẹ̀ ṣe ń dínkù.

Irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí kò wọ́n. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Python, èdè kọ̀ǹpútà tí Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, gbé jáde ní 1991. (Kí ẹ̀rù orúkọ náà má ba ìyá ẹnikẹ́ni: ara àwọn aláwàdà orí tẹlifíṣọ̀n kan ní Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti mú un, kì í ṣe ara erè.) Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, 2019, nígbà tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi àwòrán àkọ́kọ́ ihò dúdú ojú ọ̀run han gbogbo ayé, Python àti NumPy, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò tí a kọ fún un, wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà. Ọmọ wa ní Ìmọ̀wò lè gba irinṣẹ́ kan náà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, bí a bá yọ owó dátà kúrò, èyí tí kì í sì í ṣe owó kékeré.

Ta ni ó wá ń tọ́jú irinṣẹ́ tí a kò tà? Àwọn tí ń lò ó ni. Láti 2002 ni àwọn onísáyẹ́ǹsì tí ń lo Python ti ń péjọ ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ sísọ, wọn a jókòó yí tábìlì ká fún ọjọ́ mélòó kan, wọn a máa tún irinṣẹ́ náà ṣe, ọ̀gá àti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ papọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀wẹ̀ kò nílò àlàyé síi. Irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ wáyé ní Namibia ní 2015. Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní 2017. Ní oṣù kẹjọ 2019, àwọn ọmọ Áfíríkà láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Accra fún PyCon Africa àkọ́kọ́. Ní ọdún 2019 kan náà ni Masakhane bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí tí ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní èdè Áfíríkà, tí orúkọ wọn ní èdè Zulu túmọ̀ sí pé a jọ ń kọ́ ọ. Èdè wa wà nínú iṣẹ́ wọn. Ẹ kọ “owo” láìfi àmì sí i, kí ẹ wá bi kọ̀ǹpútà bóyá owó ni, tàbí ọwọ́, tàbí ọ̀wọ̀, tàbí òwò. Iroro Orife tẹ ìwádìí jáde ní 2018 lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa dá àmì Yorùbá padà sí ipò rẹ̀. Ní 2021, David Adelani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé gbólóhùn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tí ó lé ní 20,000 kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe ìwádìí.

A mọ ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn òbí, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ síta. Ọmọ tí ó bá jókòó ti kọ̀ǹpútà ní agogo méjì òru ní ìlú wa lónìí, “Yahoo” ni àwọn ará ilé kọ́kọ́ ń fura sí. Bí ó bá gbé e sínú báàgì jáde, ọlọ́pàá lè dá a dúró lójú ọ̀nà. Ìfura náà kò dára, ṣùgbọ́n kò ṣàìnídìí. Ìdáhùn wa ni pé ọmọ tí ó dá wà ni yóò kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ́kọ́ rí. Nínú ẹgbẹ́ tí a ń sọ yìí, gbangba ni iṣẹ́ wà: bí ọmọ bá tún ìlà kan ṣe, orúkọ rẹ̀ yóò wà lára rẹ̀, ẹni tí ó dàgbà jù ú lọ yóò sì ti yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó gbà á. Àwa Ìjẹ̀bú tí a mọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, tí kò sí ẹni tí ń dá nìkan jó lọ sí Ojúde Ọba, ó yẹ kí èyí yé wa ju ẹlòmíràn lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé fọ́tò àti ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ ni àpéjọ wọ̀nyí. A kò jiyàn púpọ̀. Àwa náà ti lọ sí ibi tí ṣẹ́ẹ̀tì pọ̀ ju ọgbọ́n lọ. Síbẹ̀, ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí yóò máa sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun, olùkọ́ tí kò sì tíì rí ibi tí ọmọ ogún ọdún ti tú kọ̀ǹpútà palẹ̀ tí ó sì tún un tò yóò máa ti ilẹ̀kùn.

Nítorí náà olùkọ́ ni kí a kọ́kọ́ rán. Besaleeli tí ó ṣe iṣẹ́ ọnà àgọ́ nínú aginjù kò gba ọgbọ́n ọwọ́ nìkan. Ọlọ́run fi ìkọ́ni sí i lọ́kàn pẹ̀lú. Kí a yọ owó kọ̀ǹpútà méjì kúrò nínú ohun tí a fẹ́ rà, kí a fi rán olùkọ́ kan àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, lọ sí àpéjọ tí ó bá kàn ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Bí wọ́n bá dé, kí a bá àwọn ọmọ Yunifásítì Tai Solarin ní Ìjagun sọ̀rọ̀, kí a jọ ṣe kékeré tiwa níhìn-ín, kí Erédò sì jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́.

Mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ wa tí ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ti gbà láti máa wá ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Wọn yóò gbé oúnjẹ tiwọn wá. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bẹ̀ ọ̀gá ilé-ìwé fún ni pé kí kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ kí wọ́n tó dé.