Awọ Ara Òṣìṣẹ́ àti Àwọn Oníṣòwò Ìpara: Ohun tí Accra Fi Kọ́ Wa



Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìlú Accra tí ó yẹ kí ó ká gbogbo òṣìṣẹ́ lára. Ilé iṣẹ́ ìjọba Ghana tí ń rí sí ìwọlé àti ìjáde àwọn àjèjì ń wá òṣìṣẹ́ tuntun. Àyè 500 ni ó ṣí sílẹ̀, àwọn tí ó kọ̀wé béèrè iṣẹ́ sì lé ní 80,000. Nígbà tí àyẹ̀wò ara dé, wọ́n dá àwọn tí ó ti bóra padà, wọ́n sì dá àwọn tí ìlà ti sán sí lára padà pẹ̀lú wọn. Àlàyé agbẹnusọ ilé iṣẹ́ náà ni pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn le, àti pé ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde lára ẹni tí awọ rẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀.

Ó rọrùn láti fi irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe ẹlẹ́yà. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni ṣe é. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú àlàyé náà, òótọ́ yẹn gan-an ni ó sì dá ìjọba lẹ́bi. Bí ìjọba bá mọ̀ pé ìpara ń sọ awọ ọmọ ènìyàn di ohun tí kò lè gba ìyà, èé ṣe tí ìpara náà fi ń gba ẹnu ibodè wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ìjọba sì ń gba owó orí lé e? Ẹni tí ó kó o wọlé ti jèrè tirẹ̀. Ọmọ tálákà tí ń wá iṣẹ́ ni a rí dá lẹ́jọ́.

Àwọn kan nínú wa yóò ní kí ni ó kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìpara. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ obìnrin ni, kí olúkúlùkù lọ tọ́jú ara rẹ̀ nílé. N kò gba èyí. Awọ ara ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ ń gbé wá sí ibi iṣẹ́, òun sì ni irinṣẹ́ tí agbanisíṣẹ́ kì í fẹ́ san owó àtúnṣe rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí awọ ń ṣe. Ìpele òkè rẹ̀ pátápátá tín-ín-rín ju ìwé tí ẹ ń kà yìí lọ ní ọ̀pọ̀ ibi lára. Bí ògiri búlọ́ọ̀kù ni ó rí: àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí ó ti kú ni búlọ́ọ̀kù, ọ̀rá sì ni ohun tí ó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ọ̀rá yìí ni kì í jẹ́ kí omi inú ara gbẹ tán, òun náà ni kì í jẹ́ kí kòkòrò àti kẹ́míkà ráyè wọlé. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Bí ọ̀rá náà bá ti ṣí kúrò, awọ á gbẹ, á máa yún, á máa ṣí bí èèpo, omi lásán á sì máa ta ènìyàn bí ẹni tí ó fi ata para.

Ta ni ó la ògiri náà? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ ni. Bíríkìlà tí ń fi ọwọ́ lásán po sìmẹ́ńtì tútù ń fi ohun tí ó lè jó awọ kun ara láti àárọ̀ di alẹ́. Obìnrin tí ń fi oògùn na irun fún ènìyàn kò yàtọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni alágbàfọ̀, àti agbálẹ̀ tí ń fi omi apakòkòrò nu ilẹ̀ ọsibítù, àti nọ́ọ̀sì tí ń fọ ọwọ́ ní ọgbọ̀n ìgbà lójúmọ́. Bí ọyẹ́ bá tún dé, tí atẹ́gùn gbígbẹ ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ wá, wàhálà náà di méjì.

Ibi tí awọ bá ti bàjẹ́, tí ó sì dúdú ju ibi yòókù lọ, ni oníṣòwò ìpara ti ń bá òṣìṣẹ́ pàdé. Ó ní òun yóò mú un dán, òun yóò mú un pọ́n. Kí ni ó wà nínú ìpara náà? Ó lè jẹ́ hydroquinone, tí í dá iṣẹ́ àwọ̀ ara dúró. Ó lè jẹ́ mẹ́kúrì, tí í ba kíndìnrín jẹ́. Ó sì lè jẹ́ oògùn steroid bíi clobetasol, tí í mú awọ fẹ́lẹ́ débi pé okùn tí dókítà fi rán ojú iṣẹ́ abẹ lè má dúró. Ẹni tí ògiri awọ rẹ̀ ti lanu tẹ́lẹ̀ ni nǹkan wọ̀nyí ń tètè wọ inú ara rẹ̀ jù lọ. Ní 1975 ni oníṣègùn kan ní South Africa, Findlay, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé hydroquinone ń sọ ojú àwọn obìnrin di dúdú kíríkírí dípò kí ó pọ́n. South Africa fi òfin dè é ní 1990, ilẹ̀ Yúróòpù ní 2001. Ghana dúró di oṣù kẹjọ ọdún 2016. Ẹ ka iye ọdún tí ó wà láàrin 1975 sí 2016, kí ẹ sì bi ara yín léèrè ẹni tí ó ń pa owó ní gbogbo àkókò náà.

Kì í ṣe pé kò sí olùkìlọ̀. Edmund Delle, oníṣègùn awọ ara tí ó dá ilé ìwòsàn Rabito sílẹ̀ ní Accra, wà lára àwọn tí ó pariwo. Síbẹ̀, ní 2018, lẹ́yìn òfin náà, ilé iṣẹ́ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Ghana tún ní láti kìlọ̀ fún àwọn aboyún tí ń gbé oògùn mì kí ọmọ inú wọn lè pọ́n. Òfin tí ó mọ sí orí àtẹ ọjà nìkan kò lè dé inú ilé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé gbogbo ohun ìbílẹ̀ ni kò léwu. Àwọn ará Ghana a máa pe ọṣẹ dúdú ní alata samina. Alata ni àwọn Akan ń pe àwa ènìyàn Nàìjíríà, tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣòwò ní Accra kí òfin oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé wọn padà sílé. Ọṣẹ wa ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n eérú ni a fi ń sè é, omi eérú sì le. Awọ tí ó ti lanu kò lè gbà á.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò gba owó púpọ̀. Ẹ dá ohun tí ń ba awọ jẹ́ dúró. Ẹ má fi kànìnkànìn ha á, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á. Kí ẹ fi omi tí kò gbóná jù wẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le, tí kò sì ní òórùn dídùn. Kí ẹ fi aṣọ rọra tẹ omi náà gbẹ, kí ẹ sì fi òrí tí a kò fi nǹkan kan sí tàbí fáṣilíìnì lásán pa ara kí ó tó gbẹ tán. Ó gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ògiri náà tó padà. Ẹni tí ó ti ń lo ìpara steroid fún oṣù mélòó kan kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Kí ó tọ dókítà lọ, nítorí ara rẹ̀ lè bínú gidigidi.

Ṣùgbọ́n òrí nìkan kò lè tún awọ tí a ń dá padà sínú sìmẹ́ńtì lójoojúmọ́ ṣe. Òfin iṣẹ́ Ghana ti ọdún 2003 sọ pé agbanisíṣẹ́ ni yóò pèsè ohun ìdáàbòbò láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2010 lórí owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ ka àìsàn tí iṣẹ́ fà mọ́ ohun tí a ń san owó lé lórí. Mélòó nínú wa ni ó ti mú ọwọ́ tí ó ti là lọ béèrè owó yìí? Kí àwọn ṣọ́ọ̀bù àjẹṣẹ́kù wa náà yé fi ìpara abóra pawó lórí àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú agbanisíṣẹ́ bá ń bọ̀ lọ́dún yìí, kí akọ̀wé rẹ̀ kọ ìbọ̀wọ́, omi mímọ́ àti ìpara aláìlóòórùn sínú ohun tí a ó béèrè, kí ó sì kọ ọ́ síwájú owó àjẹmọ́nú.